Ẹ̀bùn tí Oníràwé Fi Rán Mi

Kó, kó, kó. Irin lórí irin. Ìró ọkọ́ nìyẹn, ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn àgbàro bá ń bọ̀ láti oko. Wọ́n á máa fi ọkọ́ kan gbá èkejì kí erùpẹ̀ lè já kúrò lára rẹ̀ kí wọ́n tó wọ ìlú. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ. Bí àwọn ìyá wa bá ti gbọ́ ọ, wọn á gbé omi ka iná. Àwọn ewúrẹ́ pàápàá á kọjú sílé.

Ẹ̀yin tí ẹ pé jọ síwájú ìwé mi yìí, ẹ fà mọ́ra, kí ẹni tó wà lẹ́yìn náà lè gbọ́. Arúgbó ni mí, ó sì ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé. Ohun tí mo rántí ni mò ń kọ. Ìwọ̀nba irọ́ tí ọdẹ máa ń pa náà ni n óò pa, n kò ní fi kún un.

Orúkọ mi ni Ọdẹ́rìndé, ọmọ Ìràwé. Ẹ bi ẹfọ̀n léèrè mi. Èmi ni mo fi ẹ̀yìn ti igi tí ẹkùn wà lórí rẹ̀, tí mo jẹ iṣu sísun mi tán, tí mo nu ẹnu, kí n tó gbójú sókè bi í pé kí ló ń wò. Ẹ̀yin lè má gbàgbọ́. Ẹkùn náà gbàgbọ́, ó sì wá ibòmíràn lọ. Ẹ rántí rẹ̀ bí ẹ ti ń kà lọ, nítorí ìtàn tó kù yìí kò ní buyì kún mi bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìtàn ìtìjú ni.

Ilẹ̀ Ìràwé dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń ro ó kì í ṣe ọwọ́ àwa ọmọ onílẹ̀. Àwọn àgbàro ló ń ro ó, tọkọtaya, tí wọ́n ti òdìkejì odò wá. A kì í sanwó fún wọn. Àṣà wa ni pé ọ̀wọ́ ebè tó kẹ́yìn nínú oko, ti àgbàro ni. Ohun tó wù ú ló ń gbìn síbẹ̀, òun náà ló sì ń wà á. Onílẹ̀ kì í fọwọ́ kàn án, kì í tilẹ̀ rìn gba ibẹ̀. Iṣu kan wà tí wọ́n gbé wá láti ilé wọn, tí inú rẹ̀ pọ́n bí ẹni da osùn sí i. Ebè ìkẹyìn nìkan ni ẹ ti lè rí i ní gbogbo Ìràwé.

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn dé, àrùn ikọ́ tó ń gba èémí lẹ́nu èèyàn, mo ti wọ igbó ọ̀nà jíjìn lọ. Ìgbà tí mo padà, wọ́n ti sin àwọn tí wọn óò sin. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àyọ̀ká, ló ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi. Ó ní àwọn olóyè jókòó láàfin, wọ́n ní oúnjẹ kò ní tó. Wọ́n ní kí gbogbo onílẹ̀ wú ebè ìkẹyìn, kí wọ́n kó iṣu rẹ̀ sí àká ọba. Wọ́n ní kí àwọn àgbàro máa lọ kí a tó ti ẹnubodè. Wọ́n sì fi kún owó tí oníbodè ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń gbẹ́rù wọ̀lú, wọ́n ní àwọn óò fi tọ́jú aláìsàn.

Mo bi í pé, "Kí ni àwọn àgbàro sọ?"

Ó ní, "Wọ́n kí wa pé ó dàbọ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọjá níwájú ilé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kí onílé."

"Kí lẹ wá dá wọn lóhùn?"

Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó lọ wo ọbẹ̀ tí kò sí lórí iná.

Àrùn lọ, òfin kò lọ. Oníṣòwò tó bá wo iye tí oníbodè ń bèèrè á yí ẹrù rẹ̀ padà, bẹ́ẹ̀ ni iyọ̀ wọ́n, ata wọ́n. Oko di igbó. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ iṣu àká tán, a ti jẹ èèbù tó yẹ ká gbìn pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀tún ọba mú ọkọ́ lọ sóko fúnra rẹ̀, ó kọ ebè kan, wọ́n fi ọmọlanke gbé e wálé.

Oníràwé wá pe ìpàdé. Olóyè kan ní kí a tún fi kún owó ibodè kí àpò ọba lè kún. Òmíràn ní kí a pín ìwọ̀nba iṣu tó kù jẹ kí ará ìlú lè fẹ́ràn ọba. Kò sí ẹni tó dárúkọ oko. Ọba fetí sí wọn títí, ó wá kọjú sí mi.

Ó ní, "Ọdẹ́rìndé, mo gbọ́ pé ìlú kan wà ní ìkọjá Òkè Ẹrù. Àrùn yìí jà wọ́n, wọ́n sì tún rọ́wọ́ mú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ bá mi gba oògùn tí wọ́n lò. Bí òjò yìí bá kọjá tí a ò kọ ebè, Ìràwé tú nìyẹn."

Wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ kan fún mi, wọ́n ti fi aṣọ funfun rán ẹnu rẹ̀ pa. Ẹ̀bùn tí n óò fi júbà ọba ìlú náà ni. Ẹ̀gbọ́n mi sìn mí dé ẹnubodè. Ó ní, "Àbúrò mi, bí o bá débẹ̀, má fọ́nnu. Mo mọ̀ ọ́. Tẹ́tí sílẹ̀."

Mo wọ Igbó Èémí. Àwọn igi ibẹ̀ ń mí sínú, wọ́n ń mí síta, ewé wọn ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí àyà ẹni tó sùn. Ọdẹ mìíràn ì bá ti sá. Èmi rọra ń mí bí wọ́n ṣe ń mí, wọ́n sì rò pé igi ni mí, wọ́n jẹ́ kí n kọjá. Láàárín igbó náà ni mo ti bá ẹnì kan tó rù bí igi ìdáná, tó jókòó ti ẹ̀bá ọ̀nà, tó ń sun àgbàdo. Ó fi aṣọ bo imú ara rẹ̀.

Ó ní, "Má sún mọ́ mi jù, ọdẹ. Ẹ̀yin èèyàn ni mò ń sá fún."

Mo ní, "Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni àrùn tó wọ ìlú yín."

Mo na ìbọn sí i. Kò tilẹ̀ wojú ìbọn náà.

Ó ní, "Gbé e sílẹ̀, ọmọ mi. Mo ti gbó. Agbára tó kù lára mi kò ju kí n mú èèyàn sín lọ. Jókòó, kí n bi ọ́ ní ìbéèrè kan, bí o bá mọ̀ ọ́n, n óò fi ọ̀nà hàn ọ́. Ẹnubodè ni mo gbà wọ Ìràwé, ẹnubodè ni mo gbà jáde. Kí ló bá mi wọlé tí kò bá mi jáde?"

Mo ní, "Ẹkún."

"Ojú yín ti gbẹ. Ẹ tún ti ń gbéyàwó."

"Ebi."

"O ti ń sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ta ló bí ebi?"

Mo ronú títí, àgbàdo rẹ̀ jóná lápá kan. Nígbà tí ó rí i pé n kò mọ̀ ọ́n, ó dá ara rẹ̀ lóhùn. Ó ní, "Òfin tí ẹ ṣe nítorí mi. Èmi lọ, òun jókòó. Gbogbo ibi tí mo bá dé ni wọ́n ti ń sọ pé ọmọ mi ni ebi Ìràwé. N kò bí i. Àwọn tí mo pa, mo pa wọ́n, n óò jẹ́jọ́ wọn. Àwọn àgbàro yín ńkọ́? Èmi ni mo ní kí ẹ lé wọn? Èmi ni mo ní kí ẹ wú iṣu wọn?"

Mo ní, "N kò sí nílé nígbà náà."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní, "Gbogbo ará Ìràwé tí mo bá pàdé lọ́nà ni kò sí nílé nígbà náà."

Síbẹ̀, ó fi ọ̀nà hàn mí. Ó ní àánú mi ṣe é. Ẹ wo irú ayé tí mo dé, tí àrùn ń ṣàánú mi.

Ọ̀nà náà já sí Ìlú Ọlọ́parun. Níbẹ̀, olúkúlùkù ló gbé ọparun gígùn dání. Ìdí ọparun ni ìwọ dúró sí, orí rẹ̀ ni ẹni tí o ń bá sọ̀rọ̀ dúró sí. Wọ́n so agbọ̀n mọ́ orí rẹ̀ tí wọ́n fi ń rajà. Mo rí ìyàwó tó fi ọparun na ọbẹ̀ sí ọkọ rẹ̀ láti yàrá kejì, ọbẹ̀ dà sílẹ̀, ọkọ sì ní ó ṣeun. Àrùn tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe òfin yìí ti lọ kí a tó bí bàbá àgbà wọn. Mo kí ẹnì kan, ó ní kí n lọ ra ọparun ná kí òun tó lè dáhùn. Nígbà tí mo bá fẹ́ súnmọ́ wọn, wọ́n á fi orí ọparun tì mí, ìhà mi bó, títí wọ́n fi tì mí dé iwájú ẹni tó ni igbó ọparun. Ọlọ́parun ni wọ́n ń pè é. Ilé rẹ̀ ga ju ààfin wa lọ.

Mo ní, "Bàbá, àrùn yín ti lọ o."

Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ?"

"Mo bá ọmọ ìyá rẹ̀ lọ́nà. Ó ń sun àgbàdo."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi ọparun tirẹ̀ sílẹ̀, ó súnmọ́ mi dáadáa. Ó ní, "Ọ̀gá ọdẹ, dín ohùn rẹ kù. Èmi náà mọ̀ pé ó ti lọ. Ta ni yóò wá máa ra ọparun?" Ó fẹ̀yìn tì. "Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni àwọn olóyè tiyín ń rí jẹ lórí rẹ̀?"

Mo la ẹnu láti bú u. Mo fẹ́ sọ fún un pé ọmọ Ìràwé kì í ṣe irú èyí. Ìgbà náà ni mo rántí owó ibodè tí wọ́n ní àwọn fẹ́ fi tọ́jú aláìsàn, tí kò sí aláìsàn mọ́, tí oníbodè ṣì ń gbà. Mo rántí òrùlé tuntun tó ń dán lórí ilé olóyè tó ń mójú tó ẹnubodè. Mo tẹ orí ba.

Ọlọ́parun ní, "Ó ti yé ọ. Wá jẹun." Ebi ń pa mí, mo jẹ ẹ́. Ìyẹn náà wà lára ohun tó ń tì mí lójú títí di òní.

Láti ibẹ̀ mo kan Òkè Ẹrù. Ẹ sinmi díẹ̀ níbí, nítorí òkè yìí ni gbogbo ọdẹ máa ń purọ́ pé àwọn gùn. Èmi gùn ún. Ìwà òkè náà ni pé ohun tí kì í ṣe ti ẹni tó rù ú á máa wúwo sí i bí ó bá ṣe ń gòkè. Ìbọn mi fúyẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ. Àpò ẹ̀tù mi kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ ọba bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ mí mọ́lẹ̀, ó tẹ ọrùn mi wọ èjìká, ó mú mi kúnlẹ̀, ó mú mi fi àyà fà. Mo ní lọ́kàn ara mi pé, ti ọba ni, kì í ṣe tèmi, ìdí rẹ̀ nìyẹn. Ohun kan bí ohùn jáde láti inú àpáta, ó ní, "Bí ó bá jẹ́ ti ẹni tó rán ọ, ìwọ̀nba ìwúwo ẹrù ìránṣẹ́ ni ì bá ní." N kò bi í léèrè ohun tó túmọ̀ sí. Mo rò pé òkè kò lè mọ ohun tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ tí èmi tí mo rù ú kò mọ̀. Mo fi eyín wọ́ apẹ̀rẹ̀ náà dé òkè, ó sì wá fúyẹ́ bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́hùn-ún, bí ẹni pé ó ń sáré lọ sílé.

Ìlú náà wà nísàlẹ̀. Ẹnubodè rẹ̀ kò ní oníbodè, ewúrẹ́ ló dùbúlẹ̀ síbẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rù ń wọlé, wọ́n ń jáde, ọjà kún dé ojú ọ̀nà. Ebè tò lọ títí ojú kò fi tó o mọ́. Obìnrin kan rí mi, ó gba apẹ̀rẹ̀ lórí mi, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, bàbá. Ẹ kú ewu òkè." Ó mú mi dé abẹ́ igi kan tí ọkùnrin kan jókòó sí láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Ìmọ̀ràn ẹ̀gbọ́n mi ti jáde lórí mi. N kò tilẹ̀ wojú ọkùnrin náà dáadáa tí mo fi na àyà.

Mo ní, "Èmi Ọdẹ́rìndé, ọdẹ tó lé ẹkùn kúrò lórí igi, ìránṣẹ́ Oníràwé, ọba ìlú tí ebi kì í wọ̀, mo kí ọba ìlú yìí. Kábíyèsí wa fi ẹ̀bùn yìí júbà yín, láti inú àká rẹ̀."

Ọkùnrin náà ní, "A ò ní ọba, bàbá. Ẹ jókòó. Ẹ̀gbọ́n yín Àyọ̀ká ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ wọn kò dùn wọ́n mọ́?"

Mo wojú rẹ̀. Mo wojú àwọn tó yí i ká. Gbogbo wọn ni mo ti rí rí, lójú ọ̀nà oko, ní ìrọ̀lẹ́. Ọkùnrin yìí ló ń ro oko ẹ̀gbọ́n mi láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ìbọn yíyìn, n kò sì mọ orúkọ rẹ̀. Ó rí i lójú mi. Ó ní, "Kúforíjì ni mí. Ìyàwó mi ló gba apẹ̀rẹ̀ lórí yín. Abọ́sẹ̀dé lorúkọ rẹ̀. Ebè-Ìkẹyìn la sọ ìlú yìí."

Abọ́sẹ̀dé ti fi ọ̀bẹ tú okùn apẹ̀rẹ̀. Ó mú iṣu kan jáde, ó gé e. Inú rẹ̀ pọ́n bí osùn.

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Lájídé, tí ẹnu rẹ̀ mú, ló kọ́kọ́ dún. Ó ní, "Ọba yín mà láàánú o, bàbá ọdẹ. Ó wú iṣu wa, ó tún ní kí wọ́n gbé e tọ̀ wá wá kí a lè tọ́ ọ wò."

Abọ́sẹ̀dé ní, "Lájídé, pa ẹnu rẹ mọ́. Àlejò ni wọ́n." Ó kó àwọn iṣu náà jọ sí itan. Ó ní, "Nígbà tí a ń jáde, a ò rí ọ̀kan mú dání. Iṣu tí à ń gbìn níbí, ti àwọn ará ìsàlẹ̀ odò ni. Mo rò pé ti wa ti parun." Obìnrin yìí kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Ẹ ṣeun tí ẹ gbé e dé."

Èmi ni ó yẹ kí n kúnlẹ̀. Ó gé orí gbogbo iṣu náà pamọ́ fún gbíngbìn, ó se ìyókù, ó sì gbé e fún mi kí ẹnikẹ́ni tó jẹ. Iṣu náà dùn. Ìyẹn gan-an ló burú nínú rẹ̀.

Nígbà tí mo jẹun tán, mo béèrè oògùn tí wọ́n fi mú ìlú wọn bọ̀ sípò.

Kúforíjì ní, "Oògùn wo? Àrùn yìí jà wá dáadáa, a sin èèyàn. Ohun tí a rí la jẹ, ṣùgbọ́n a ò jẹ èèbù. Ẹni tó lè dìde ń ro oko ẹni tí kò lè dìde. Ọjọ́ tí ẹni tó kẹ́yìn nínú àwọn aláìsàn dìde, a pàdé lábẹ́ igi yìí, a mú gbogbo òfin tí a tìtorí àrùn ṣe, a sì gbé wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó di pé wọ́n di ọ̀nà ìjẹ fún ẹnì kan. A ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹlẹ́rù títí ọjà fi kún."

"Ìyẹn nìkan?"

Lájídé ní, "Bí ó bá kéré lójú yín, ẹ ò bá ti ṣe é."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo ní òjò ń ṣú, kí wọ́n ṣàánú Ìràwé, kí wọ́n bá mi padà. Àwọn kan nínú wọn fẹ́ lọ, nítorí òkúta pọ̀ nínú ilẹ̀ tiwọn, wọ́n sì ti bí ọmọ ní Ìràwé. Àwọn mìíràn ní ó di ẹ̀yìn ikú àwọn. Wọ́n jíròrò títí, wọ́n wá sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́. Kí Oníràwé kéde níwájú gbogbo ìlú pé ẹ̀tọ́ àgbàro ni ebè ìkẹyìn, kì í ṣe ìtọrẹ. Kí ó mú owó ibodè kúrò. Kí ẹnì kan láti Ìràwé sì dúró lọ́dọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí onídùúró, kí ó máa roko níbẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí àwọn tó lọ bá fi wà ní Ìràwé.

Abọ́sẹ̀dé ní, "Ó ku ẹyọ kan. Nígbà tí a ń lọ, a kí gbogbo ilé. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ẹ rò ó fúnra yín."

Lájídé ni yóò ṣáájú lọ fi ẹnu jẹ́ iṣẹ́ náà láàfin. Mo kó ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu pé, mo ti rí oògùn, àwọn ará ìlú kan fẹ́ ràn wá lọ́wọ́. Lájídé ní, "Àwọn ará ìlú kan. Àwa nìyẹn?" Ó jókòó, kò lọ. Mo tún un ṣe, mo ní, àwọn àgbàro wa àtijọ́ ti gbà láti padà. Ó ní, "Ṣé a gbàgbé ọkọ́ sí Ìràwé ni?" Mo tún ní, àjàkálẹ̀ àrùn ló pín wa níyà. Lájídé rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dúró kí òun lọ bi àrùn léèrè. Bí mo ṣe ń pọ́n ọ̀rọ̀ tí mò ń bò ó, bẹ́ẹ̀ ni òjò ń ṣú, ààrá ti ń sán ní ọ̀nà Ìràwé. Èmi tí n kò bẹ̀rù ẹkùn, mò ń bẹ̀rù ọ̀rọ̀ kékeré lẹ́nu ara mi.

Òjò kọ́kọ́ kán sórí wa níbi tí a jókòó sí. Mo wá sọ ọ́. Lájídé tẹ́tí, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó dìde, ó lọ. Àwọn tó gbà láti lọ gbé ọkọ́ tẹ̀ lé e. Wọn kò padà wá mọ́, ìyẹn sì ni èsì tí mo rí gbà láti ọ̀dọ̀ Oníràwé, pé ó gbà wọ́n. Èmi ṣì wà níbí, lórí ilẹ̀ olókùúta, tí mo ti di àgbàro, tí mo ti gbó sí i. Iṣẹ́ tí mo rán nìyí:

"Kábíyèsí, èmi Ọdẹ́rìndé ni. Àrùn kọ́ ló fi ebi pa wá. Àwọn tí a lé ni oògùn tí ẹ ní kí n wá, iṣu wọn sì ni ẹ fi rán mi sí wọn. Wọ́n ń bọ̀. Ẹ kéde ebè ìkẹyìn fún wọn, ẹ mú oníbodè kúrò lọ́nà. Mo ti fi ara mi dúró, ẹ má retí mi. Bí ẹ bá rí wọn lókèèrè, kí ẹ̀yin àti gbogbo ìlú jáde síta, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ kí yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ kí wọn."